Mi Ò Tọrọ Kékeré

Bí ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá fẹ́ gbàdúrà, wọ́n á kọ́kọ́ ká ọwọ́ ẹ̀wù wọn sókè bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́. "Olúwa, mi ò tọrọ kékeré o!" Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkẹ́nnẹ́ á bú sẹ́rìn-ín. Wẹ́dà ni wọ́n, ohun tí wọ́n sì ń lé ni ẹ̀rọ tí yóò máa yan gàrí fúnra rẹ̀, kí èéfín má ta ìyàwó wọn lójú mọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, èrò kún àgbàlá. A da ẹ̀gẹ́ lílọ̀ tí a ti fún gbẹ sínú ẹ̀rọ, pásítọ̀ gbàdúrà, a ṣe àmín, ẹ̀gbọ́n tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ ò mì rárá. Ìyàwó wọn fọwọ́ bojú.

"Ọlọ́run ti gbọ́," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Wáyà ni ò tíì gbọ́."

Wọ́n fàyà fà wọ abẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n so wáyà kan le, wọ́n tún tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ bú ramúramù! Gàrí ń tú jáde, ó funfun, ó gbóná, à ń bù ú jẹ, à ń fò sókè. Ìyàwó wọn dì mọ́ wọn. Pásítọ̀ dá orin ọpẹ́. Ẹ̀gbọ́n ń bá wa gbè é, ṣùgbọ́n wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi ìka ya ẹ̀rọ mìíràn sórí iyẹ̀pẹ̀, èyí tó tóbi ju ilé ìdáná wọn lọ.