Síìlì Tuntun Nínú Alùpùpù Ajíhìnrere

Ẹ̀rù alùpùpù kì í bà mí. Èmi tí mo ti ń tún un ṣe ní Ọ̀yọ́ láti ìgbà tí n kò tíì nírùngbọ̀n, kí ni n ó bẹ̀rù? Àfi ọjọ́ tí mo gbé Màmá Nọ́ọ̀sì sẹ́yìn.

Ògbómọ̀ṣọ́ nilé màmá, wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ajíhìnrere ni ọkọ wọn tó ti di olóògbé, alùpùpù àtijọ́ kan ló fi ń wàásù káàkiri abúlé. Nígbà tí màmá gbé e wá bá mi, ọ́ìlì ń jò lára gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ bí imú ọmọ tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Àwọn tó ṣe é kò lo rọ́bà. Òrùka aṣọ tó nípọn ni wọ́n fi dí ibi tí ọ̀pá tó ń yí ṣéènì ti yọ jáde, aṣọ ọ̀hún sì ti jẹrà.

Mo wá síìlì ìgbàlódé, òrùka rọ́bà tó ní ètè tẹ́ẹ́rẹ́, tó bá ọ̀pá náà mu rẹ́gí. Eyín irin tó wà lórí ọ̀pá náà ò gbọdọ̀ gé ètè yẹn, ni mo bá fi ọ̀rá píọ́wọ́tà wé ọ̀pá, mo fi gíríìsì pa á, mo rọra tì í wọlé. Kò jò mọ́. Inú mi dùn, mo ń súfèé.

Àṣà ṣọ́ọ̀bù wa ni pé ẹni tó tún alùpùpù ṣe ni yóò gbé ẹni tó ni ín délé. Màmá gun ẹ̀yìn mi.

"Rọra o, ọmọ mi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá."

A ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn wa, nígbà tí táyà ẹ̀yìn yọ̀. Mo tẹ bíréèkì, ó tún yọ̀. Mo yà sínú koríko, tírélà ré wa kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ mì wá jìgìjìgì. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, síìlì mi ti yọ síta, ọ́ìlì ti bo táyà. Màmá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbọn koríko kúrò lára aṣọ wọn.

Mo pe Ọ̀gá Kàmọ́rù, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, lórí fóònù, mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

"Ihò èémí ńkọ́?"

"Ihò wo, ọ̀gá?"

"Ihò kékeré tó wà lórí gíábọ́ọ̀sì! Bí ọ́ìlì bá gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ á wá ọ̀nà jáde. Bí ihò yẹn bá ti dí, ara aṣọ tí o yọ yẹn ló ń gbà. O wá dí i pa! Ṣé o fẹ́ pa ìyá oníyàá ni?"

Mo fi wáyà tọ ihò náà, amọ̀ gbígbẹ ló dí i. Mo ti síìlì padà, mo bu ọ́ìlì tí mo gbé dání kún gíábọ́ọ̀sì, mo fi bẹntiróòlù nu táyà. Mo wá bẹ màmá kí wọ́n wọ ọkọ̀ lọ, èmi nìkan gun alùpùpù. Mi ò lè gùn ún jìnnà kí n tó dúró fọwọ́ pa táyà wò.

Ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, màmá ń dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta oúnjẹ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi áńkáṣíìfù nu táyà. Eruku nìkan ló lẹ̀ mọ́ ọn, kò sí ọ́ìlì.

"Ó yá, gbé mi délé."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín pe kẹ̀kẹ́."

"Ta ló ń wá kẹ̀kẹ́? Láti ìgbà ìyàwó ni mo ti ń gun ẹ̀yìn alùpùpù yìí. Bí ìwọ tó tún un ṣe ò bá lè gbé mi, ta ni yóò gbé mi?"

Mo ti rò pé ẹ̀rù kì í ba màmá. Ìgbà tí wọ́n gun ẹ̀yìn mi, tí wọ́n fọwọ́ méjèèjì di ẹ̀wù mi mú bí ẹni pé yóò ya, ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

"Màmá, ẹ̀rù ń bà yín."

"Ó ń bà mí," wọ́n dáhùn. "Máa lọ."