Rẹfirí tó Fagi Lé Góòlù Kọ́bapẹ́

Alhaji Sàlàhúdíìnì ò fẹ́ràn rẹfirí kankan. Símẹ́ńtì ló ń tà ní Láfẹ́ńwá, ṣùgbọ́n bí òpin ọ̀sẹ̀ bá ti dé, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù lẹ ó ti bá a, òun àti Tòkunbọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ VAR, ẹ̀rọ tí rẹfirí fi ń tún góòlù wò, ni wọ́n máa ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Tòkunbọ̀ ní ẹ̀rọ náà ti ba bọ́ọ̀lù jẹ́. "Èèyàn á gbá góòlù wọlé tán, á tún dúró kí wọ́n wá sọ fún un bóyá kó yọ̀."

"Tíṣà, olè làwọn rẹfirí," Alhaji á fèsì. "Ẹ̀rọ yẹn ló ń tú wọn fó."

Ní Sátidé kan, Tòkunbọ̀ ní kó sin òun lọ sí Owódé. Ẹgbẹ́ Owódé àti ti Kọ́bapẹ́ fẹ́ gbá àṣekágbá, Tóbilọ́ba, ọmọ àbúrò Tòkunbọ̀, sì wà nínú àwọn tó ń gbá a fún Kọ́bapẹ́. Àárín àwọn ará Kọ́bapẹ́ ni àwọn méjèèjì jókòó sí. Nígbà tí rẹfirí jáde, obìnrin ni. Dúdú ló wọ̀ látòkè délẹ̀, apá aṣọ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ó sì fi aṣọ dúdú we orí mọ́ ọrùn. Òdìkejì pápá ló dúró sí, Alhaji ò rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ó kàn fi obìnrin náà rẹ́rìn-ín.

Ẹgbẹ́ méjèèjì ò tíì rí góòlù kankan gbá wọlé nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí. Tóbilọ́ba gba bọ́ọ̀lù, ó sì gbá a tagbáratagbára. Bọ́ọ̀lù ba irin òkè, ó já bọ́ sílẹ̀ nítòsí ìlà, aṣọ́lé sì gbá a mú. Àwọn ará Kọ́bapẹ́ ti fò sókè, ṣùgbọ́n rẹfirí juwọ́ pé kò wọlé, kí eré máa lọ.

Alhaji dìde, ó ká ọwọ́ mọ́ ẹnu. "Olè ni ẹ́. Ilé tí wọn ò ti kọ́ ọmọ lo ti wá."

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ pápá fi ń pariwo olè, olè. Rẹfirí sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù wá sí ọ̀dọ̀ wọn, ó yíjú sí wọn.

Ummulkulthum ni. Àkọ́bí Alhaji, tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama ní eré ìdárayá ní Òṣíẹ̀lẹ̀.

Alhaji sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó rọra jókòó. Tòkunbọ̀ wo pápá, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Alhaji, ṣé kì í ṣe Ummu nìyẹn?"

Ariwo olè ò sì dáwọ́ dúró.

Owódé gbá góòlù kan wọlé, fèrè ìparí sì dún. Àwọn èrò ya wọ pápá. Alhaji ò mọ ìgbà tí òun náà wọ ibẹ̀. Ó ń fi èjìká ti àwọn èèyàn títí ó fi dé iwájú ọmọ rẹ̀, ó sì na apá méjèèjì láti dènà wọn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá mi," Ummulkulthum wí. Ó kúnlẹ̀ sórí koríko pẹ̀lú fèrè lọ́rùn. Ariwo náà lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀.

Tóbilọ́ba ló mú fóònù wá. Ẹnìkan ti ya fídíò bọ́ọ̀lù tó gbá náà sínú rẹ̀. Ummulkulthum dìde, ó gbà á, ó wò ó, ó tún un wò. Alhaji yọjú wò ó láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn pé kí bọ́ọ̀lù náà má wọlé. Ó wọlé. Gbogbo rẹ̀ kọjá ìlà kedere.

"Ó wọlé," ni Ummulkulthum wí. "Mi ò rí i níbi tí mo dúró. Ẹ má bínú."

"Ṣé ẹ máa yí i padà?" Tóbilọ́ba bi í.

"Rárá. Òfin ìdíje yìí ò gba fóònù láyè. Ohun tí mo rí ni mo fi dájọ́, ṣùgbọ́n màá sọ fún àwọn tó rán mi pé mo ṣìṣe."

Ọkùnrin kan tó ti bu yẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́ dà á sílẹ̀. Láyé Alhaji, kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu rẹfirí.

Ọkọ̀ Alhaji ni Ummulkulthum bá wọn wọ̀ padà sílé. Nígbà tí wọ́n kọjá Kọ́bapẹ́, Alhaji bi í. "Látìgbà wo lo ti ń ṣe rẹfirí?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́rin, Bàbá."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n mọ̀. Àwọn ni wọ́n ra bàtà yìí fún mi."

Alhaji rọra tẹ bíréèkì, bí ẹni pé nǹkan sọdá níwájú ọkọ̀. Tòkunbọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kàn ń wo ìta.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo mọ ohun tí ẹ máa ń sọ nípa wa, Bàbá."

"Ṣé o gbọ́ ohùn mi lónìí?"

"Mo gbọ́. Mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni kí n tó yíjú."

Alhaji fẹ́ sọ pé kó má bínú. Dípò bẹ́ẹ̀, ó bi í pé ìgbà wo ló tún máa fọn fèrè.

"Sátidé tó ń bọ̀, ní Òṣíẹ̀lẹ̀."

Alhaji mi orí pé òun á wà níbẹ̀, ó sì ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.