Orúkọ Bàbá Lórí Ìlà Kìíní

Lọ́jọ́ tí mo gba ìwé àṣẹ láti máa tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé mi, àwọn aládùúgbò fi mí rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn. Àárín àwọn ọdún 1980 ni. Wọ́n ti dá èmi àti àwọn olùkọ́ mìíràn dúró lẹ́nu iṣẹ́, owó oṣù ọkọ mi nìkan ò sì lè gbé wa. Fúláàtì ìsàlẹ̀ la ń gbé ní Festac, yàrá mẹ́ta pẹ̀lú àyè díẹ̀ níwájú ilé. Ọmọkùnrin tó ń gbé lókè wa sọ fún mi pé, "Àǹtí, ìyá mi tọ́ ọmọ mẹ́sàn-án láì gbàwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Mo ní kó lọ sọ fún ìyá ẹ̀ kó wá gba tiẹ̀, kò tíì pẹ́ jù.

Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Tí èèyàn bá ti ṣiṣẹ́ tíṣà fún ọdún mẹ́rìnlá, tí wọ́n wá ní kó máa lọ sílé, ohunkóhun tó bá ti ní òǹtẹ̀ ìjọba lára á máa dùn mọ́ ọn. Mo fi gíláàsì bo ìwé náà, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀, níbi tí ẹni tó bá wọlé á ti kọ́kọ́ rí i kó tó rí èmi alára.

Òfin tó bá a wá pọ̀. Ọmọ mẹ́jọ péré ni mo lè gbà, méjì nínú wọn ló sì lè jẹ́ èyí tí kò tíì rìn. Kẹrosíìnì gbọ́dọ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́. Dúrọ́ọ̀mù omi gbọ́dọ̀ ní ọmọrí tí ọmọdé ò lè ṣí, nítorí pé omi ẹ̀rọ lè má yọ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, gbogbo wa la sì máa ń pọn omi pamọ́. N ò gbọ́dọ̀ fún ọmọ lóògùn tí ìyá ẹ̀ ò fún mi, ìbáà ṣe àgbo. N ò gbọ́dọ̀ na ọmọ. Ìyẹn kọ́kọ́ le fún mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́. N ò gbọ́dọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ láìsí àgbàlagbà lọ́dọ̀ wọn, kódà kó jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Obìnrin kan láti ọ́fíìsì tó fún wa níwèé máa ń yọ sí mi láìsọ tẹ́lẹ̀. Á ka àwọn ọmọ lórí, á ṣí ìkòkò wò, á fi ìka nu ojú fèrèsé bóyá eruku wà níbẹ̀. Ìgbà tó bá lọ tán ni n óò tó mí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo òfin náà ni ti fọ́ọ̀mù. Ìyá ọmọ á kọ orúkọ àwọn tó lè wá mú ọmọ náà lọ sílé, á lẹ fọ́tò wọn mọ́ ọn. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, ìbáà ṣe ìyá tó bí ìyá ọmọ, kó máa padà síbi tó ti wá. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá sì wà níbẹ̀, tí kò mutí yó, tí orí ẹ̀ pé, n ò láṣẹ láti dá a dúró. Mo ti dá ìyá àgbà kan padà rí lẹ́nu ọ̀nà mi. Èpè ló ṣẹ́ fún mi títí tó fi dé ojú títì. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo rò pé kò sí ohun tó lè ṣe ọmọ kankan lọ́dọ̀ mi mọ́.

Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí ò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí ìyá ẹ̀ mú un wá. Yàrá kan ni àwọn méjèèjì ń gbé ní Abúlé Adó, ìyá sì ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ bisikíìtì kan ní Àmúwò. Ọmọ náà a máa káwọ́ sẹ́yìn rìn bí arúgbó tó ń bẹ oko wò, tí àwọn yòókù bá ń jà, á dúró tì wọ́n, á máa mi orí. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ju àwọn tó kù lọ. Òfin ò sọ pé n ò gbọ́dọ̀ ní ààyò, àfi pé n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn.

Lọ́jọ́ tí ìyá ẹ̀ wá kọ fọ́ọ̀mù, ó kọ orúkọ ara ẹ̀ tán, ó wá dá bírò dúró.

"Àǹtí, ṣé dandan ni kí n kọ bàbá ẹ̀ síbẹ̀, mà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú lójú ẹsẹ̀. Inú mi kì í pẹ́ bí. Mo ní, "Ṣé ìwọ nìkan lo dá a bí ni?"

Ó ní rárá, mà. Ó ní ṣùgbọ́n òun àti bàbá ọmọ ò gbé pọ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. N ò jẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ náà. Mo ní ahọ́n àti eyín ń jà, wọ́n á sì tún rẹ́. Mo ní ìjà tọkọtaya ni, kò kàn mí, ṣùgbọ́n tí ọkùnrin náà bá wá lọ́jọ́ kan, tí mo ní kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ọmọ tó bí, ojú wo ni yóò fi wo ìyàwó ẹ̀? Ojú wo ni àwọn àna máa fi wò ó? Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ọmọ tí wọ́n bá gbé orúkọ bàbá ẹ̀ pa mọ́, àlébù ni wọ́n ń kà á sí. Òfin ò sọ pé dandan ni. Èmi ni mo sọ pé dandan ni. Mo tilẹ̀ fún un ní fọ́ọ̀mù tuntun, mo ní kó kọ bàbá sí ìlà kìíní, kó wá kọ ara ẹ̀ sí ìkejì, bó ṣe yẹ obìnrin tó nílé.

Ó kọ ọ́. Ó wá fọ́tò ọkùnrin náà jáde láti inú pọ́ọ̀sì ẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, kì í bá àgbà jiyàn. Mo ń kan sáárá sí i nínú mi.

Ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà yà wá wo ọmọ ẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ni, Mazamaza ló ti ń gbé èrò lọ sí ìlú òkè. Ara ẹ̀ mọ́, ẹnu ẹ̀ dùn, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Ó bá ọmọ ṣeré díẹ̀, ó ní òun ń lọ. Mo mú fọ́ọ̀mù jáde, mo fi orúkọ ẹ̀ hàn án, bí ẹni tó ń ṣe é lóore. Mo ní, "Ẹ wò ó, ẹ̀yin lẹ wà lókè." Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ìyàwó òun ṣe dáadáa.

Ọjọ́rú kan báyìí, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, ó tún kanlẹ̀kùn.

"Mo wá mú ọmọ mi, mà. Ara màmá mi ò yá nílé, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ìyá ẹ̀ gbọ́?"

"Á gbọ́, mà."

"Á gbọ́ kọ́ ni mo bi yín. Ṣé ó ti gbọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ bá mi wo fọ́ọ̀mù yín. Ta ló wà lókè níbẹ̀?"

Ọmọ náà ti sáré dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ń pe Dádì, Dádì. Mo ní kó jókòó, mo bu omi fún un. Orí ìdúró ló ti mu ún. Mo sún mọ́ ọn bóyá ẹnu ẹ̀ á máa rùn fún ọtí, kó lè jẹ́ pé mo ní ohun tí mo máa rí sọ. Kò rùn. Mo wo ìta, mo rí ọkọ̀ tó gbé wá, báàgì ńlá kan wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, irú èyí tí èèyàn ń gbé lọ sí ìrìn-àjò tí kò ní padà bọ̀ láìpẹ́. Mo mọ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé n ò mọ̀.

Kí ni kí n ṣe? Kò sí tẹlifóònù nílé wa. Iléeṣẹ́ ìyá ọmọ jìnnà, àwọn ọmọ méje mìíràn sì wà lọ́rùn mi tí n ò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Mo pe ọmọkùnrin òkè, kò sí nílé. Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n kàn ti ilẹ̀kùn pa, kí n di kọ́kọ́rọ́ mọ́wọ́, kí ohun tó bá máa ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀. Àmọ́ kí n tilẹ̀kùn mọ́ bàbá ọmọ? Lórí ọmọ tó bí? Ta ló máa gbè mí lẹ́yìn? Apá mi ò ká a rárá.

Mo gbé ìwé fún un, ó buwọ́ lù ú. Mo kọ àkókò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀: aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Mo kọ ọ́ dáadáa. Ọmọ náà juwọ́ sí mi láti èjìká bàbá ẹ̀, ọkọ̀ sì gbéra.

Lọ́sàn-án, nígbà tí ọkọ mi dé, mo rán an lọ síléeṣẹ́ bisikíìtì. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní wọn kì í pe ẹnikẹ́ni níbi ẹ̀rọ àfi tí àkókò bá tó. Ó padà wálé.

Aago márùn-ún, ìyá ẹ̀ wọlé, òórùn bọ́tà àti ṣúgà lára ẹ̀ bí i ti ojoojúmọ́. Ó kí mi, ó ń wo àárín àwọn ọmọ tó kù.

"Àǹtí, ọmọ mi dà?"

"Bàbá ẹ̀ ti wá mú un láàárọ̀."

Kò ké. Ì bá ké, ì bá sàn fún mi. Ó jókòó sórí àga kékeré kan, ti àwọn ọmọdé, orúnkún ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó ní ọkọ òun máa ń na òun, ìyẹn lòun ṣe sá kúrò nílé ẹ̀. Ọkùnrin náà wá ní tí ìyàwó òun ò bá padà, òun á gbé ọmọ fún ẹ̀gbọ́n òun nílùú, ìyá ẹ̀ ò sì ní fojú kàn án mọ́.

Mo kígbe mọ́ ọn. Ìtìjú ló ń mú mi kígbe. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ tí mo wá kọ fọ́ọ̀mù, mà. Ẹ ní ìjà tọkọtaya ni."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá mi wí. Ó kàn ń dá ìbéèrè mi lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi jókòó ti àwọn ọmọ, mo tẹ̀ lé ìyá ọmọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà mú bírò, ó ní ta ló gbé ọmọ. A ní bàbá ẹ̀ ni. Ó gbé bírò sílẹ̀. "Madam, bàbá gbé ọmọ ẹ̀, ẹ wá ń fẹjọ́ ẹ̀ sun ọlọ́pàá? Ẹ lọ pe fámílì jọ, ẹ jọ̀ọ́." Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ti ń na ìwé tiẹ̀ kọjá èjìká mi.

Ìyá ọmọ lọ sí ìlú ọkọ ẹ̀ lápá Òkè-Ògùn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún un ní yàrá sùn, wọ́n sì sọ fún un pé ọmọ kì í sọnù nílé bàbá ẹ̀. Wọn ò jẹ́ kó rí i. Nígbà tó takú pé òun gbọ́dọ̀ rí i, wọ́n ní ọmọ ti bá àbúrò bàbá ẹ̀ lọ sí ibòmíràn.

Èmi náà kó ìwé mi, mo lọ bá obìnrin ọ́fíìsì yẹn. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún un láìfi ìkankan pa mọ́. Ó yẹ fọ́ọ̀mù wò, ó yẹ ibi tí ọkùnrin náà buwọ́ lù wò, ó ka àkókò tí mo kọ. Ó ní, "Ẹ ò rú òfin kankan, mà. Ì bá dára tí gbogbo àwọn tó kù bá ń kọ ìwé wọn báyìí." Mo ti lọ síbẹ̀ kó lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ mi, tàbí kó tilẹ̀ bú mi. Ó ní kí n kí àwọn ará ilé.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ìyá ọmọ wá kó ẹrù ọmọ náà tó wà lọ́dọ̀ mi: sálúbàtà kan, aṣọ ìpààrọ̀ méjì, ife oníke. Ó ti rù. Ó ní òun ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ilé ọkọ òun lòun ń padà sí. Ọkùnrin náà ti gbà pé tóun bá dé, ọmọ á dé.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí n ní kó má lọ, ọkùnrin tó ń na èèyàn ò ní dẹ́kun nítorí pé ó borí. Àmọ́ tí n bá ní kó má lọ, ta ló máa gba ọmọ ẹ̀ fún un? Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé e jáde? Mo kàn ń di aṣọ yẹn fún un, mo tún ń tú u, mo tún ń dì í.

Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ pé mo tọ́jú ọmọ òun dáadáa. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

"Àǹtí, lọ́jọ́ yẹn, ṣé ó ti jẹun kó tó lọ?"

Mo ní ó jẹun, ó yó dáadáa. Ó mi orí, ó ní ìyẹn ló ti ń da òun láàmú láti ọjọ́ yìí wá, ó sì lọ.

Aago mọ́kànlá ni mo máa ń bu oúnjẹ fún wọn.