Wọ́kà Màmá Lẹ́nu Ọ̀nà Sínágọ́gù

Bí mo bá rántí ọjọ́ Sátidé yẹn, inú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Houston níbí. Júù ni màmá tí wọ́n fi sí ìtọ́jú mi. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọkọ wọn ti kú. Wọn kì í wọ mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé, torí ọjọ́ ìsinmi wọn ni, nítorí náà ẹsẹ̀ la fi ń rìn láti apartment wọn dé sínágọ́gù. Màmá á máa ti wọ́kà onítáyà mẹ́rin tí wọ́n fi ń gbára ró, èmi á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú oòrùn, a ó máa yẹ gbòǹgbò igi tó ti hú kọnkéré ojú ọ̀nà sókè.

Lọ́jọ́ náà, a bá ọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sẹ́nu ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àti wọ́kà àti kẹ̀kẹ́ ọmọ, yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ kọ́rídọ̀ ni gbogbo wọn ń gbé báyìí. Mo ní wọ́kà yìí ṣeé ká, ó lè dúró síwájú orúnkún wọn. Ó ní àárín ìjókòó gbọ́dọ̀ ṣófo, bóyá iná lè ṣẹ́ yọ. Mo bi í pé bí iná bá ṣẹ́ yọ, kí ni Màmá ó fi sá jáde? Ó ní àwọn èèyàn á ràn wọ́n lọ́wọ́. Màmá fọwọ́ kàn mí pé kí n fi sílẹ̀, ọkùnrin náà sì gbé wọ́kà lọ. Mo mú wọn dé ìjókòó lápá àwọn obìnrin, mo sì jáde lọ jókòó sí kọ́rídọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe.

Wọ́n ń gbàdúrà lọ́wọ́ ni mo gbọ́ gbì. Mo sáré wọlé. Ìtọ̀ ló ti ń gbọ̀n Màmá. Wọ́n wo ẹ̀yìn títí, wọn ò rí ọkùnrin yẹn kó bá wọn gbé wọ́kà wá, ojú sì ń tì wọ́n láti ké sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n wá ń di ẹ̀yìn àga mú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi dé ibi tí àga ti tán. Wọ́n ṣubú lórí eékún, aṣọ wọn sì ti tutù.

Obìnrin méjì bá mi gbé wọn dìde. Mo lọ sí yàrá yẹn. Kẹ̀kẹ́ ọmọ ni wọ́n tò dí wọ́kà mọ́ ògiri. Mo ń fà wọ́n jù sí kọ́rídọ̀, n ò bìkítà èyí tó dojú dé. Ọkùnrin náà dé, ó ní kí n rọra.

Mo ní, "Ẹsẹ̀ wọn lẹ gbà lọ́wọ́ wọn, ẹ wá ní kí n rọra?"

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé Màmá ló ń bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kó má bínú, pé àwọn ti da ìsìn rú.

Nígbà tí mo wẹ̀ wọ́n tán nílé, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń bẹ ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní:

"Ibẹ̀ ni èmi àti ọkọ mi ti ń jọ́sìn láti ìgbà tí a ti fẹ́ra. Bí mo bá sú wọn, níbo ni kí n lọ?"

Ẹkún ló gbọ̀n mí, ìbínú ni mo sì fi pa á.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo pe ọ́fíìsì sínágọ́gù náà. Obìnrin tó gbé fóònù gbọ́ mi tán, ó ní òun á fi tó ìgbìmọ̀ létí. A ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí Sátidé tún dé, ọkùnrin yẹn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí wọ́kà. Mo ti la ẹnu, ṣùgbọ́n Màmá ṣáájú mi.

Wọ́n ní, "Rárá. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ ń wọlé."

Ó wo ojú Màmá, ó wo tèmi, ó yà fún wa. A ká wọ́kà náà síwájú orúnkún wọn. Wọ́n ṣe ìsìn parí, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ọkùnrin náà máa ń kí mi báyìí. Mo máa ń dá a lóhùn, torí wọ́n kọ́ mi nílé. Ṣùgbọ́n kò tíì bẹ Màmá títí di òní, inú mi ò sì tíì rọ̀ sí i.