Ọjọ́ Tí A Sọ Ìtàn Káyọ̀dé Ní Gbọ̀ngàn Ṣọ́ọ̀ṣì

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni, nígbà tí àwọn sójà ń ṣèjọba, tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ní Ìlá Ọ̀ràngún sì wà ní títì nítorí ìyanṣẹ́lódì àwa tíṣà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa nígbà náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń wá kí mi, ti ìyanṣẹ́lódì yẹn lẹ sábà ń bi mí. Mo ti sọ ọ́ títí, ó ti sú mi. Ohun tí n kò tíì sọ fún yín ni èyí tó ṣẹlẹ̀ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àkókò kan náà.

Nígbà tí iṣẹ́ dúró, àwa tíṣà mélòó kan kó ara wa jọ, a ń ṣe eré káàkiri, ní Ọ̀rà, ní Ìrèsì, ní Ọ̀tan Ayégbajú. Eré wa kì í ṣe àròsọ. A ó lọ jókòó ti ẹnì kan, a ó gbọ́ ìgbésí ayé rẹ̀ láti ẹnu rẹ̀, a ó sì tún un sọ fún un títí yóò fi ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wa yóò jókòó lórí ìtàgé, yóò sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ló ni ín. Èmi báyìí, èmi báyìí. A kì í dárúkọ ẹni tó ni ìtàn. Òun nìkan ló lè sọ pé tòun ni. Nígbà tí a sọ ti opó tíṣà kan ní Ìrèsì, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ gbé iṣu wá fún wa kí a lè fara da ìyanṣẹ́lódì náà.

Káyọ̀dé rí eré wa nígbà tó wálé ọdún láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ àdúgbò wa ni, ó sì wà ní kíláàsì mi ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nígbà tó kéré. Ó wá bá mi nílé. Ó ní ní Lọ́ńdọ̀nù, òun rí ọkùnrin dúdú kan tó jókòó sórí àpótí níwájú èrò, tó ń sọ ìgbésí ayé àwọn ọkùnrin dúdú tó ń fẹ́ràn ọkùnrin bíi tiwọn, ní ohùn wọn, bí àwa náà ṣe ń ṣe. Ó ní òun sunkún. Ó ní ìtàn mẹ́rin wà lọ́wọ́ òun, méjì láti Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan láti Èkó, àwọn tó ni wọ́n sì ti gbà kí a sọ wọ́n. Ẹ̀kẹrin ni tòun.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ mi ní ìwé, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń wàásù nípa irú ọ̀rọ̀ yìí. Mo bi í pé kí ló fẹ́ gan-an.

“Àǹtí, ìyá mi ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ,” ló wí. “Bí èmi bá la ẹnu, ẹkún ni wọ́n máa fi dá mi dúró. Bó bá jẹ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, wọ́n á gbọ́ ọ parí.”

Ìyá rẹ̀, tó ń ra obì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ọ̀rà, ti rí ìyàwó fún un, wọ́n sì ti ń mú ọjọ́ ìtọrọ. Káyọ̀dé kò lè dákẹ́ mọ́.

Mo gbàdúrà sí i. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé Olúwa tí mo mọ̀ kì í lé ẹni tó wá sọ tinú rẹ̀ padà. Mo lọ bá alága ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn, bàbá àgbà tó kọ́ mi ní orin ìyìn. Ó bi mí pé ìtàn ta ni. Mo ní ti ọmọ Ọlọ́run kan ni.

“Tíṣà, gbogbo wa la jẹ́ ọmọ Ọlọ́run. Àwọn kan kàn ń da Baba láàmú ni.”

“Ẹ̀yin àtèmi náà wà níbẹ̀, sà.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó fún wa ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó sì ní bí ìtìjú bá tìdí rẹ̀ yọ, orí mi ni yóò wà.

Gbénga, tíṣà kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, ló máa sọ ìtàn Káyọ̀dé. Nígbà ìdánrawò, ó sọ ọ́ débi pé Káyọ̀dé fọwọ́ bojú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ eré, àwọn àna rẹ̀ jókòó síwájú. Ẹ sì mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, èèyàn kì í fi ara rẹ̀ júwe aburú. Bí o bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tìrẹ láti fi hàn ibi tí egbò wà lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn, kíá lo máa ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Gbénga jókòó, ó ní, “Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ọkùnrin ni ọkàn mi ń fà sí.” Ó wo àwọn àna rẹ̀. Ó fi ọwọ́ yí orí ara rẹ̀ ká, ó ta ìka dànù: “Olúwa má jẹ́ ó jẹ́ tèmi.”

Gbogbo gbọ̀ngàn ṣe àmín.

Ó sọ gbólóhùn kejì, ó tún fọwọ́ yí orí ká, wọ́n tún ṣe àmín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń dúró dè é. Ìgbésí ayé èèyàn kan di àdúrà tí ìjọ ń gbà pé kí àwọn má rí irú rẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn. Ìyá Káyọ̀dé náà ń ṣe àmín, tẹ̀rín-tẹ̀rín, ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Káyọ̀dé dìde, ó jáde.

Mo gun orí ìtàgé, mo fọwọ́ kan Gbénga léjìká. Ó fi àpótí sílẹ̀ fún mi, mo sì gba ọ̀rọ̀ náà níbi tó bá a dé. Mo ní èmi ni mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ Jàmáíkà, tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò wá. Mo ní èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́ ní ọsibítù. Èmi ni mo ń kọ orin àṣálẹ́ tí ìyá mi fi ń tù mí nínú nígbà tí mo bá ní ibà, ní èdè tí kò gbọ́, títí ó fi sùn tí kò jí mọ́. Mo kọ ẹsẹ kan nínú orin náà. N kò fọwọ́ yí orí ká.

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn bi mí pé, “Tíṣà, ṣé ẹ ti dọkùnrin ni?” Ẹ̀rín díẹ̀ sọ, ó sì kú.

Alága dìde. “Tíṣà, ó tó.”

“Ó kù díẹ̀, sà.”

Ó ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, kí àwọn èèyàn máa lọ. Ọ̀pọ̀ lọ. Ìyá Káyọ̀dé kò dìde. Mo sọ ìyókù fún ìyá náà àti fún àwọn mélòó kan tó ṣẹ́ kù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá Káyọ̀dé wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Wọn kò jókòó.

“Tíṣà, mo ṣe àmín lánàá. Ọmọ ta ni mo ṣe àmín sí?”

Mo ní n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́. Mo ní ẹni tí wọ́n fẹ́ bi ti lọ wọ mọ́tò ní Ọ̀tan Ayégbajú. Ìyá tí n kò tíì rí lórí ọ̀kadà rí so ìró mọ́dìí, wọ́n gun èyí tó kọ́kọ́ kọjá. Àwọn méjèèjì jọ padà wálé nígbà tí oòrùn rọlẹ̀. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Ìtọrọ náà kò wáyé mọ́, àwọn ará ilé ọmọbìnrin sì bú ìyá náà lójú gbogbo ọjà. Ìyá fara da èébú náà.

Ìyanṣẹ́lódì parí. A rí díẹ̀ gbà nínú ohun tí a béèrè. Ìjọ gba kíláàsì ọjọ́ ìsinmi lọ́wọ́ mi, wọn kò sì fún wa ní gbọ̀ngàn náà mọ́. Gbénga kò ṣe eré mọ́. N kò bá a bínú, ẹ̀rù tó bà á ń ba gbogbo wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ìyá kan gbọ́ ti ọmọ rẹ̀ parí. Àmọ́ ìtàn mẹ́ta ṣì wà lọ́rùn wa. Ẹni tó wà ní Èkó ní bí a bá fẹ́ sọ tòun, kí a ránṣẹ́ sí òun, òun yóò wá jókòó síwájú. Ó ti kú báyìí. A kò ránṣẹ́ sí i, nítorí a kò rí gbọ̀ngàn tí a ó pè é sí.