Bí Ọkọ̀ Motún Ṣe Gbé Ìyá Rẹ̀ Dé Ọ̀mù-Àrán

Motún ń rán ìjókòó mọ́tò ní Ọ̀mù-Àrán. Ògiri kan ló wà láàrin ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ilé mi. Ẹni tí ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀ bá ya, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Ẹni tí tapólì ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ bá ya, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni. Bí o bá ní iṣẹ́ rẹ̀ wọ́n, á ní kí o máa lọ jókòó lórí irin.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ kan wá fún un láti tún ṣe. Ọkọ̀ olówó ńlá ni, ti àwọn ará Jámánì, ti ayé àtijọ́. Aṣọ ni òrùlé rẹ̀. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì, òrùlé á dìde, á ká ara rẹ̀, á lọ sùn sínú búùtù. Nígbà náà, kò dìde, kò ká. Ó ti ya. Ọkùnrin náà gbọ́ ohun tí àtúnṣe yóò ná an, ó ta ọkọ̀ fún Motún ní ọ̀pọ̀.

"Wàhálà lo rà ní ọ̀pọ̀ yìí," ni mo sọ fún un.

"Bàbá Khaleel, ẹ ṣáà máa wò ó."

Mo wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ òrùlé náà. Èkó ni wọ́n ti ra aṣọ ọ̀hún wá. Fèrèsé ẹ̀yìn jẹ́ rọ́bà; ó ti funfun bí ojú arúgbó. Ó gé e kúrò, ó fi òmíràn sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni pọ́ǹpù tó ń gbé òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Orí ẹni tó ń wakọ̀ gan-an ni ọ́ìlì rẹ̀ ń kán sí. Motún wé gèlè funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan, ó wé gèlè ọlọ́ìlì bọ̀. Wáyà inú ẹ́ńjìnnì ń rún bí ìpékeré. Omi òjò ti jẹ irin ilẹ̀ ọkọ̀. Bí ó bá gun òkè, rédíétọ̀ á hó. Ẹ̀yà ọkọ̀ náà tó bá bàjẹ́, Ìlọrin kò ní in. Epo tó ń mu, ẹ má bi mí.

Ní gbogbo àkókò yẹn, páànù ilé Motún ń jò. Owó páànù ló ń ná sórí òrùlé ọkọ̀.

"Àǹtí Motún, bí òjò bá dé, ẹ kó lọ sùn sínú mọ́tò," ni Adéoyè, mẹkáníìkì rẹ̀, máa ń wí. "Ibẹ̀ nìkan ni kì í jò mọ́."

Motún á rẹ́rìn-ín, á san owó iṣẹ́ fún un.

Àwọn ènìyàn ní afẹ́ ló ń ṣe. Kì í ṣe afẹ́. Ìyá rẹ̀ ni.

Rúùtù ni orúkọ ìyá náà, Rore, ìlú tó wà nítòsí Ọ̀mù-Àrán, ló ń gbé. Iṣu ló tà títí ó fi darúgbó. Orí ló fi ń rù ú wá sí Ọ̀mù-Àrán kí mọ́tò tó pọ̀ lójú ọ̀nà. Owó iṣu yẹn ló fi ra maṣíìnì tí Motún fi kọ́ṣẹ́. Orúnkún ìyá ti kọṣẹ́ báyìí, òun nìkan ló sì kù nínú ilé. Motún ń bẹ̀ ẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà.

"Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi ń wọ Ọ̀mù-Àrán, pẹ̀lú ẹrù lórí. Wọn ò ní fi aṣọ bò mí nínú táksí wọ ibẹ̀ bí aláìsàn. Ọjọ́ tí mo bá ń bọ̀, gbogbo ènìyàn ni yóò rí mi."

Ìdí ọkọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde lọ́dún yìí, òrùlé ti ń ká dáadáa. Ìyá gbà. Motún mú èmi àti Adéoyè dání lọ sí Rore. Èmi, kí n lè bá ìyá sọ̀rọ̀ bó bá tún yí ohùn padà. Adéoyè, nítorí pé ọkọ̀ náà kì í jáde nílùú láì mú mẹkáníìkì dání. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi sáàrin ẹsẹ̀.

Ìyá ti se oúnjẹ dè wá. A wọlé, a jẹun. Nígbà tí a jáde, èrò ti yí ọkọ̀ ká. Ìyá wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó jókòó síwájú. Motún tẹ bọ́tìnnì.

Òrùlé gbéra díẹ̀, ó dúró. Ó ń kùn.

Ó tún un tẹ̀. Bákan náà ni.

Adéoyè wo pọ́ǹpù, kò jò. Ó wo wáyà, kò já. Òógùn bo Motún. Ìyá gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n padà wọlé. Bóyá kò tíì yá."

Adéoyè bá ṣí búùtù. Iṣu ló kún ibẹ̀ dé ẹnu.

"Ta ló kó iṣu síbi tí òrùlé ń sùn?"

"Àwa ni," ni Jàrátù, aládùúgbò ìyá, dáhùn. "Ṣé ọwọ́ òfìfo ni Ìyá Motún yóò fi kúrò ní Rore? Níbo ni wọ́n ń kó ẹrù sí nínú mọ́tò, bí kì í bá ṣe búùtù?"

"Òrùlé ló ni búùtù, ìyá," ni Adéoyè sọ fún un.

"Mọ́tò tó ń bá iṣu du àyè! Ẹ kú owó o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí iṣu dúró," ni Motún wí. "Màá wá kó o lọ́la."

"Iṣu ò lọ, èmi náà ò lọ."

Motún wo ìjókòó ẹ̀yìn. Awọ funfun ni, òun ló rán an. Kì í jẹ́ kí a wọ ibẹ̀ láì kọ́kọ́ gbọn ẹ̀yìn aṣọ wa.

"Ẹ kó o síbẹ̀," ó wí.

Tòun terùpẹ̀ ni wọ́n kó o lé e. Motún tẹ bọ́tìnnì. Òrùlé dìde, ó ká ara rẹ̀, ó lọ sùn. Ariwo ayọ̀ sọ ní Rore. Ìyá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sínú ọkọ̀.

Kò sí àyè fún wa mọ́. Èmi àti Adéoyè gun ọ̀kadà kan, tàwa ti kẹ́ẹ̀gì omi, a tẹ̀ lé wọn.

Ní orí òkè, rédíétọ̀ hó. Wọ́n dúró. Adéoyè dúró kó tutù, ó bu omi sí i. Ìyá wo igi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà.

"Ibí yìí ni mo ti máa ń sọ ẹrù sinmi," ó wí. "Ọkọ̀ yìí gbọ́n."

A wọ Ọ̀mù-Àrán. Motún rọra ń wakọ̀. Ìyá na ẹ̀yìn rẹ̀ ró ṣánṣán. Kò sí ẹni tí kò wò. Nítòsí ọjà, obìnrin kan na ọwọ́ sókè.

"Ìyá oníṣu! Èló ni?"

Ojú Motún yí padà. "A ò tà á o! Ṣé o ò rí irú mọ́tò tí—"

"Dúró," ni ìyá wí.

Ọkọ̀ dúró láàrin títì. Àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè. Ìyá dá iye lé iṣu láì sọ̀ kalẹ̀.

"Ó wọ́n o, Màmá."

"Iṣu Rore ni. Wo mọ́tò tó gbé e wá. Ṣé iṣu lásán ń wọ irú ẹ̀?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sanwó. Ìyá so owó mọ́ etí aṣọ. Ẹlòmíràn ti dé. Motún fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbé iṣu fún àwọn oníbàárà, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ olówó púpọ̀ nílùú yìí. N kò tíì rí èyí tó yẹ ẹni tó wà nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi délé, iṣu tó kù kò ju ti oúnjẹ alẹ́ lọ. Ìyá di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, ó dá sọ̀ kalẹ̀. Hàwáù, ìyàwó mi, ti kúnlẹ̀ dè é.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ara ńkọ́?"

"Ọjà tà," ni ìyá wí, ó sì wọlé.