Fèrèsé Tí Àbúrò Mi Lẹ̀ Pa

Àbúrò mi ọkùnrin kọ́lé sí Mówè, ó sì ti di ẹni tí kì í làágùn. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lójú títì, tí ẹ kí i pé ẹ kú oòrùn, á ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé oòrùn mú, pé inú ilé òun kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù wà ní pálọ̀ rẹ̀, ó wà ní yàrá rẹ̀ lókè, ó wà níbi tí àwọn ọmọ ń sùn. Àlejò kò tíì jókòó dáadáa tí àbúrò mi á ti na rìmóòtù sí ògiri, á sì máa wo ojú àlejò náà títí onítọ̀hún á fi sọ pé, "Háà, ó mà tutù o!" Ìgbà yẹn lọkàn rẹ̀ á tó balẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ a máa wọ súẹ́tà lọ́sàn-án gangan. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ara rẹ̀ kò yá ni. Ó ní, "Àǹtí mi, dádì àwọn ọmọ ló fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Iná kì í dúró ládùúgbò wọn. Ó lè lọ láàárọ̀ kó má dé títí ilẹ̀ á fi ṣú, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ ló ń gbọ́ bùkátà òtútù àbúrò mi. Jẹnẹrétọ̀ ńlá ni, ó ń bú ramúramù, ó sì ń tu èéfín dúdú. Ibo ló wá gbé e sí? Kò gbé e síwájú ilé, nítorí ó ti fi íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ ibẹ̀, ó gbin òdòdó sí etí rẹ̀, kò sì fẹ́ kí epo kán sí i. Kò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, nítorí ibẹ̀ ni mọ́tò rẹ̀ ń sùn. Ẹ̀yìn ilé ló gbé e sí, lábẹ́ fèrèsé yàrá kan ṣoṣo tó wà nísàlẹ̀. Yàrá náà ló sì fún ìyá wa.

Ìyá wa ti dàgbà, àyà rẹ̀ kò sì le. Ìlú wa lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ló ń gbé tẹ́lẹ̀, nínú ilé bàbá wa, tí afẹ́fẹ́ ń gba iwájú wọlé tó ń gba ẹ̀yìn jáde. Àbúrò mi lọ mú un wá, ó ní ojú ń ti òun pé ìyá òun ń gbé abẹ́ páànù tó ti dípẹtà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó mú un wọ yàrá tuntun. Ilẹ̀ ń dán, bẹ́ẹ̀dì ga débi pé ńṣe ni ìyá wa ń gùn ún. Ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ni kò sí níbẹ̀. Àbúrò mi ní àwọn àgbà kì í fẹ́ òtútù.

Kò pẹ́ tí ìyá wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ́ pé èéfín ń wọlé bá òun. Ẹni tó bá ní làákàyè á gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò. Àbúrò mi pe oníṣẹ́ gíláàsì. Wọ́n ti fèrèsé pa, wọ́n fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ gbogbo etí rẹ̀ yíká, wọ́n ní èèrà pàápàá kò lè gba ibẹ̀ mọ́. Ó tún kọ́ agolo òórùn dídùn kan mọ́ ògiri, irú èyí tó máa ń tu fín-ín fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pè mí ní Ìbàfò, níbi tí mo háyà yàrá méjì sí tí mo ti ń ránṣọ, ó ní kí n wá wọn fèrèsé náà, kí n rán kọ́tìnì tó nípọn sí i, kó má baà hàn pé kò ṣeé ṣí.

Mo ní, "Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ibo ni màámi á ti máa mí?"

"Àǹtí mi, ẹ̀yin náà. Ṣebí dọ́ọ̀ wà níbẹ̀."

"Dọ́ọ̀ tó ṣí sí kíṣìnì?"

"Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé ìsinsìnyí ni, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé bíi ti Ìbàfò yín ló yẹ kó rí, tí gbogbo wíńdò á ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí ẹ̀fọn á kàn máa rọ́ wọlé?"

Mo pa fóònù. Mi ò rán kọ́tìnì kankan. Wọ́n rí ẹlòmíì rán an.

Kì í ṣe òun nìkan ló ya wèrè yìí. Ẹ rìn ládùúgbò wọn, ẹ ó rí ilé tí wọ́n kọ́ kan fẹ́ǹsì, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri aládùúgbò, tí onílé sì dúró síta tó ń fi ẹ̀wù fẹ́ ara rẹ̀, tó ń dúró de iná. Lándílọ́ọ̀dù ni gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó rántí pé èèyàn ló máa gbé inú ilé náà.

Ìyá wa dá ọgbọ́n tirẹ̀. Láàárọ̀, á gbé àpótí lọ sí ẹnu géètì, á jókòó, á máa kí àwọn tó ń kọjá. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, ikọ́ rẹ̀ á rọlẹ̀. Àbúrò mi kò fẹ́ èyí náà. Ó ní àwọn èèyàn á rò pé òun lé ìyá òun síta, pé ó tiẹ̀ jọ ẹni tí wọ́n gbà láti máa ṣọ́ géètì. Wọ́n ní kó wá máa jókòó sí pálọ̀, ìyàwó àbúrò mi ní ikọ́ ìyá wa kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí wọ́n ṣe dá a padà sí yàrá nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, àwọn ará ìjọ wọn wá kí wọn kú ilé tuntun lẹ́yìn ìsìn. Èmi náà lọ, ṣùgbọ́n ìyá mi ni mo lọ wò. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń bú, pálọ̀ tutù, gbogbo ẹnu ń fi ògo fún Ọlọ́run. Mo bi ìyàwó àbúrò mi níbi tí màámi wà. Ó ní wọ́n ń sinmi ní yàrá, pé òun ti ilẹ̀kùn kí ariwo má baà dí wọn lọ́wọ́.

Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, èéfín ló pàdé mi, òun àti òórùn agolo yẹn. Èéfín náà ti rí àlàfo gba òkè àjà wọlé, kò sì rí ọ̀nà jáde mọ́. Ìyá wa jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì dá mi lóhùn. Mo gbá a mọ́ra, mo wọ́ ọ gba àárín àwọn ará ìjọ kọjá, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ síwájú ilé, lórí íńtálọ́ọ̀kì wọn.

Àbúrò mi sáré tẹ̀lé wa. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "BP wọn ló tún gòkè." Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan nawọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lé ẹ̀mí òkùnkùn jáde. Mo ń kígbe pé kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ ìyá mi wí: "Àǹtí mi, ẹ rọra, àlejò wà nínú ilé." Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá ní kí n tutọ́ sí i lójú, mi ò ní wá itọ́ tì.

Ọsibítù la gbà lọ, wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ sí ìyá wa nímú. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní kí n lọ bá òun kó ẹrù òun.

Ọ̀dọ̀ mi ló wà báyìí. Yàrá mi kéré, ariwo ọkọ̀ ń wọlé láti òpópónà, eruku ń bá a wọlé, ṣùgbọ́n fèrèsé méjì kọjú síra wọn, mo sì fi nẹ́ẹ̀tì bò wọ́n. Ikọ́ rẹ̀ ti dín. Dókítà ní ó lè má lọ tán mọ́. Àbúrò mi gbé fáànù wá lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bèèrè ikọ́. Ohun tó wá bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí màámi má sọ fún àwọn ará ilé nílùú pé èéfín ló lé òun jáde. Mo fẹ́ lé e lọ, ìyá wa ní kí n dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò ìyá wa obìnrin pè é láti ìlú. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe nínú yàrá háyà nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti kọ́lé.

"Ilé ọmọ mi tutù jù," ìyá wa ní. "Ẹ̀rọ tó kó síbẹ̀ pọ̀, àbúrò mi. Òtútù ló lé mi, ara mi ò gbà á mọ́."

Mo gbọ́ bí ẹnì kejì ṣe hó, tó ń kí i kú oríire, tó ní Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ tòun náà kọ́ irú ẹ̀. Ìyá wa ní àmín. Ni ikọ́ bá dé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù, ó húkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó nu ẹnu, ó wá gbé fóònù padà sétí.

"Mo ń gbọ́ ẹ," ó ní. "O ò tíì rí bí ilé náà ṣe dára tó."